Bí Mo Ṣe Di Ìyá Olódòdó

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì wá kí mi nílé mi ní Fate, nínú Ìlọrin. Tanke tó wà nítòsí wa ló ń gbé. Ó jókòó, ó ń yí ìka rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú o. Ṣé iṣẹ́ òdòdó yìí ṣeé dúró lé lóòótọ́, àbí nǹkan ìfọwọ́ṣeré lásán ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa lọ ná, kó padà wá, pé ìbéèrè tí mo fi gbogbo ayé mi dáhùn kò ṣeé dáhùn lórí ìdúró. Ìdáhùn mi rèé. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, Kúdírátù ọmọ mi ló bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìka mi ò gbọ́ràn mọ́.

Òdòdó orí ni iṣẹ́ mi. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bándì, mọ́ kílíìpù, mọ́ òòyà, tí àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọbìnrin ń fi ṣe irun lọ́ṣọ̀ọ́. Fóòmù ni mo fi ń ṣe é. Kì í ṣe fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì o, èyí tó pẹlẹbẹ bíi páálí ni, tó rọ̀, tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ iléèwé láti fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n fóòmù kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Pákátà ni wọ́n bí mi sí, nínú Ìlọrin níbí. Álúfà ni bàbá mi, ilé kéú ló ní. Nígbà tí mo ka ìwọ̀n ìwé tí agbára wọn ká, ìyá mi mú mi lọ́wọ́, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Àlhájà Sàfúrá. Gbogbo ìyàwó tó bá fẹ́ fi òdòdó sórí nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ Àlhájà ló ń lọ. Aṣọ ló fi ń ṣe é. Á bọ aṣọ náà sínú sítáàṣì tó fi gbágùúdá sè, á sá a kó gan, á fi àlùmọ́gàjí gé e ní ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni á gbé ṣíbí lé èédú, á fi ẹ̀yìn ṣíbí gbígbóná náà tẹ ewé ọ̀hún mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí tí á fi kọ́ bí ewé òdòdó gidi. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi ń so wọ́n pọ̀.

Ìyá mi ní, "Àlhájà, mo mú ọmọ yín wá. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń tẹ aṣọ yẹn."

Àlhájà wò mí látòkè délẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, dúdú, ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́. Ó ní, "Aṣọ kì í sunkún tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ṣé èyí ò ní í sunkún?"

Mo sunkún. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ni mo fi wà níbẹ̀ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo òdòdó. Òdòdó pupa kan wà lára ọgbà ilé rẹ̀. Á já a láràárọ̀, á fà á ya níṣojú mi, á ní, "Kí lo rí?" Tí mo bá ní mo rí ewé pupa, á ní n padà lọ wò ó. Ìgbà tí mo tó sọ fún un pé ìdí ewé náà nípọn ju etí rẹ̀ lọ, àti pé kò sí èyí tó bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba, ló tó mi orí. Ó ní, "Ọlọ́run ò gé ewé méjì dọ́gba rí. Ẹni tó bá gé e dọ́gba, ó fẹ́ mọ̀ ju Ọlọ́run lọ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di oníṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyà tó fi kọ́ mi ni mi ò lè gbàgbé. Àlhájà kì í na ọmọ iṣẹ́. Kì í bú ọmọ iṣẹ́. Tí mo bá ti ba òdòdó jẹ́, ohun tí á sọ ni pé, "Fi sórí ara ẹ." Òdòdó yẹn ni mo máa gbé sórí lọ́jọ́ yẹn, níbi gbogbo tó bá rán mi dé. Ẹ wá wò mí ní Ọjà Ọba, tí mo gbé agbọ̀n, tí nǹkan kan tó dà bí adìẹ tí mọ́tò tẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí mi! Àwọn ẹlẹ́ran á máa pè mí: "Ìyàwó! Ìyàwó! Ọkọ ẹ ti sá lọ ni?" Omi á dà lójú mi, mi ò sì ní í lè yọ ọ́, torí tí mo bá délé, á wò ó bóyá ó ṣì wà níbi tó kàn án mọ́.

Lọ́jọ́ kan, òdòdó tí mo ṣe, bó ṣe wò ó lẹ́ẹ̀kan ló ní, "Fi sórí ara ẹ." Mo fi í sórí, mo lọ ra èédú. Bí mo ṣe ń bọ̀, obìnrin kan fà mí láṣọ. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ṣe òdòdó yìí? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ là ń gbé àbúrò mi níyàwó." Mo sáré délé, mò ń mí gúlegúle, mo sọ fún Àlhájà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó dáa. Mo fẹ́ kí ìwọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni." Ó wá ti àlùmọ́gàjí tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Tìrẹ ti gbóná. Jókòó."

Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ nìyẹn. Mo lọ́kọ, a kó wá sí Fate, ọkọ mi ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ káfíńtà, èmi ń ṣe òdòdó nínú pálọ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó ńlá, kì í sì í ṣe owó ìtìjú. A fi tọ́mọ.

Ọ̀tá wa ńlá nígbà yẹn ni òjò. Òdòdó onísítáàṣì, tí omi bá ti kàn án, ó parí nìyẹn. Mo ti rí ìyàwó tí òdòdó orí rẹ̀ ń ṣàn sójú rẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Nítorí náà ni inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe kòńgẹ́ fóòmù.

Kúdí ọmọ mi wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tísà wọn ní kí wọ́n mú fóòmù aláràbarà wá fi ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tó ṣẹ́kù ló jù sórí tábìlì. Mò ń lọ aṣọ iléèwé rẹ̀ lọ́wọ́, mi ò mọ̀ pé etí áyọ́ọ̀nù ti kan fóòmù náà. Ìgbà tí mo máa wò ó, ó ti ká wìnrìn, ó rọ̀, ó ń gbéra nílẹ̀ bí nǹkan ẹlẹ́mìí. Mo mú un. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, mo lọ́ etí rẹ̀ díẹ̀. Ó tutù sí mi lọ́wọ́, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Mo wò ó: ewé òdòdó ni! Ewé òdòdó gidi, láìsí sítáàṣì, láìsí sísá sóòrùn. Mo ti í bọ inú omi, mo gbọ̀n ọ́n, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo kígbe, "Máṣà Állà!" tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi sáré wọlé, ó rò pé iná ti gbé mi.

Mo ṣe òdòdó kan tó ní ewé funfun, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Àlhájà. Nígbà yẹn ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó fi ìka kan ṣoṣo kàn án.

"Kí lèyí?"

"Fóòmù ni, Àlhájà. Òjò ò lè pa á."

"Rọ́bà sílípáàsì lo gbé wá sílé mi, Ràmátù?"

"Àlhájà, ẹ tiẹ̀ fọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́ wò."

"Mi ò tẹ nǹkan kan. Òjò nìkan kọ́ ni ọ̀tá òdòdó." Ó ti í padà sí mi.

Ó dùn mí. Mo rántí pé mo sunkún nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà sílé, èmi abiyamọ. Ṣùgbọ́n mi ò fi fóòmù sílẹ̀. Mo kọ́ pé tí iná bá pọ̀, ó máa sun, tó bá kéré, kò ní í gbọ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka nà án kí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí ìdí rẹ̀ sì nípọn, bí Àlhájà ṣe ní kí n wò ó lára òdòdó ọgbà. Àwọn ọmọ yunifásítì tó wà ní Tanke bẹ̀rẹ̀ sí í fi bándì mi sórí. Àlhájà náà ò bá mi jà. Ẹni tó bá wá fẹ́ òdòdó lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà tí ojú Àlhájà ò gbé iṣẹ́ mọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń rán an wá. Á kàn sọ fún wọn pé, "Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi tó ń fi sílípáàsì ṣe òdòdó."

Kí n wá sọ ti ọjọ́ tí nǹkan dàrú.

Múnírátù, ọmọ ọmọ Àlhájà, ka Kùránì tán. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Ìlọrin, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọjọ́ wòlímọ̀ kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Ọmọ máa ka Kùránì níwájú ìyá, bàbá, álúfà, àti gbogbo àdúgbò. Múnírátù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ parí máa fi òdòdó yí aṣọ ìborí wọn ká. Ó wá bá mi fúnra rẹ̀, ó ní fóòmù lòun fẹ́. Ó ní, "Màmá àgbà ò tíì mọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn án lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ ò mọ bí mo ṣe ṣe òdòdó yẹn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo kó sínú ẹ̀. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn gbé ọwọ́ lé e, kó ní, Ràmátù, o gbìyànjú.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn Ìlọrin nígbà náà, ẹ mọ̀ ọ́n. Mo to àwọn òdòdó sínú páálí, aládùúgbò mi kan bá mi gbé wọn sínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀. A dé Challenge, lójú ọ̀nà, ọkọ̀ kú. Mẹkáníìkì kan tú u wò, ó ní ohun kan ti já, òun ń lọ wá a ra. A dúró lábẹ́ ìbòji ṣọ́ọ̀bù kan, a ń retí. Mi ò ronú kan àwọn òdòdó. Ohun tí mò ń rò ni pé kí a má pẹ́ dé ibi àdúà.

Nígbà tó tún un ṣe tán, tí a dé ilé Àlhájà, mo ṣí búùtù. Ooru tó jáde níbẹ̀ gbá mi lójú bí ti ààrò. Mo ṣí páálí. Gbogbo ewé òdòdó ti na tán, pẹlẹbẹ, bí ọjọ́ tí mo gé wọn. Ooru ló mú wọn ká, ooru náà ló tún mú wọn na. Gọ́ọ̀mù ti yọ́, ó ń fà yọ̀ọ̀ bí ilá. Mo dúró síbẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn álúfà nínú àgbàlá tí wọ́n ń ṣe wàásí, mo sì mọ̀ pé láìpẹ́ wọ́n máa pe àwọn ọmọ jáde.

Múnírátù ti wọṣọ tán. Ó wo inú páálí, ó wojú mi, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run la wá gbọ́, a ò wá wo òdòdó." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọ́n fi abẹ gé mi.

Àlhájà wà lórí ẹní nínú yàrá. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́ rárá nígbà yẹn, etí rẹ̀ ló fi ń ríran. Ó ní, "Ta ló ń sunkún? Ràmátù, ìwọ náà ń sunkún?"

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Àlhájà, oòrùn ti pa gbogbo ẹ̀."

Mo rò pé ó máa ní, ṣé mo sọ fún ẹ. Kò sọ ọ́. Ó na ọwọ́. "Gbé ọ̀kan wá."

Ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹ ewé kan wò, etí rẹ̀, ìdí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Ó ní, "Kò kú. Ó kàn sùn ni. Ooru ló mú un sùn, iná ló máa jí i. Àwọn tó ń dáná wà lẹ́yìn, àbí wọn ò sí?"

"Wọ́n wà, Àlhájà."

"Gbé èédú wá níbẹ̀. Gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn. Kí Múnírátù lọ bọ́ ojú rẹ̀, kó wá abẹ́rẹ́ àti òwú wá. Gọ́ọ̀mù yín yẹn, ẹ jù ú nù."

A gbé ìkòkò èédú sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Mò ń mú ṣíbí gbóná, mò ń gbé e lé e lọ́wọ́. Obìnrin tí kò ríran mọ́! Á gbé ṣíbí súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á fi mọ bó ṣe gbóná tó, á wá tẹ ewé náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ewé á dìde. Èyí tó bá ti tẹ̀, èmi á fi ìka lọ́ etí rẹ̀, Múnírátù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rán an pọ̀. Àwọn tó ń dáná náà wá dúró sí ẹ̀yìn wa, wọ́n ń bá wa ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Àlhájà nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀: "Hẹ̀n-ẹ́n. Ó gbọ́ràn. Ó gbọ́ràn ju aṣọ lọ. Ràmátù, kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé ó gbọ́ràn tó báyìí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Àlhájà."

Nígbà tí wọ́n pe àwọn ọmọ jáde, òdòdó wà lórí gbogbo wọn. Wọn ò rí bí mo ṣe ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo di Àlhájà lápá mú, a dúró sí ẹnu ọ̀nà. Múnírátù gbé ohùn, ó ń ka Kùránì, ẹkún ṣì wà nínú ohùn rẹ̀. Àlhájà ní, "Sọ fún mi bó ṣe rí lórí wọn." Mò ń sọ fún un, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, ó ń mi orí.

Láti ọjọ́ náà, kò sí òdòdó tó kúrò lọ́wọ́ mi tí mi ò fi abẹ́rẹ́ rán kí n tó fi gọ́ọ̀mù kàn án. Àlhájà lo ọdún díẹ̀ sí i. Mo máa ń gbé fóòmù lọ bá a, a jọ ń ṣe é, òun ń tẹ̀, èmi ń gé. Kí Ọlọ́run foríjìn ín, kó fi Àlùjáńnà ṣe ilé rẹ̀.

Irinṣẹ́ ò dúró sójú kan. Mo ti lo àbẹ́là, mo ti lo áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo lo èyí tó ń lo iná mànàmáná. Kúdí ra ẹ̀rọ kan fún mi tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná bíi ti àwọn onírun, ó ní kò ní í jẹ́ kí n sun ọwọ́. Mo lò ó, ó yára, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Òdòdó tí wọ́n ti ṣe parí wá ń dé láti òkè òkun, ó pọ̀ ní ọjà, ó wọ́n ní ẹwà. Àwọn oníbàárà ń na fóònù sí mi: "Ìyá, bí èyí gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́." Mo máa ń sọ fún wọn pé "bí èyí gẹ́lẹ́" ò sí nílé mi. Àwọn kan bínú lọ. Àwọn tó dúró, wọ́n mú ọmọ wọn wá lẹ́yìn náà.

Ìka mi ló dá mi dúró. Lọ́jọ́ kan mò ń ṣiṣẹ́, Kúdí pariwo, "Màmá! Ọwọ́ yín!" Mo wolẹ̀, ìka mi wà lórí áyọ́ọ̀nù, ó ti wú, èmi ò sì mọ̀. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ló fà á, pé ìka mi ò ní í máa gbọ́ iná mọ́. Oníṣẹ́ iná tí ìka rẹ̀ ò gbọ́ iná, kí ló kù? Mo kó irinṣẹ́ fún Kúdí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tanke báyìí, ó sì mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ ní ọ̀nà kan tàbí méjì.

Ṣùgbọ́n mo tún ṣe ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀.

Mọ̀mọ́ Fúnmi ń gbé ní òpópónà wa. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ nípa oòrùn, nípa ọjà, kò sọ ohun tó gbé e wá. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá Kúdí, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo fẹ́ lọ́kọ."

Mo ní, "Ta ló rẹ́rìn-ín? Ta ni ọkọ?"

Bàbá kan nínú ìjọ wọn ni, tí ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ kọ́ọ̀tù. Ó ní, "Nígbà tí mo fẹ́ bàbá Fúnmi, kọ́ọ̀tù la lọ, mo wọ aṣọ iṣẹ́ lọ. Mi ò fi nǹkan kan sórí. Ṣé àgbà bíi tèmi lè fi òdòdó sórí?" Ó wolẹ̀. "Ọmọkùnrin mi, Ṣẹ́gun, ti ní kí n má dójú tì wọ́n. Ó ní gèlè ló yẹ mí."

Mo pe Kúdí kó dúró tì mí, kó máa bá mi ṣọ́ ìka mi. Mo ṣe òdòdó funfun kan, kékeré, àárín rẹ̀ ní àwọ̀ àgbàdo. Ó gbà wá ní ọ̀sán gbáko. Mọ̀mọ́ Fúnmi gbà á, ó fi aṣọ ìnujú wé e, ó ti í bọ báàgì. Ó ní, "Mi ò ní í fi sórí. Mo kàn fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi ni."

Mo lọ síbi ìsìn ìgbéyàwó náà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo wọ híjáàbù mi, mo jókòó lẹ́yìn. Gèlè ni Mọ̀mọ́ Fúnmi wé, gèlè tó dára. Ìsìn parí, wọ́n jáde sábẹ́ igi láti ya fọ́tò. Bàbá ọkọ dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Mọ̀mọ́ Fúnmi bọ́ síwájú, ó dúró, ó ronú díẹ̀. Ló bá na ọwọ́ sí gèlè, ó tú u. Irun rẹ̀ ti funfun pátá, wọ́n di í ní ṣùkú. Ó ṣí báàgì, ó yọ òdòdó náà, ó wò yí ká. Kò sí dígí. Kò mọ ibi tó máa kàn án mọ́.

Ṣẹ́gun ló rìn jáde láàárín èrò. Géńdé ọkùnrin, ó wọ kóòtù. Mo ní háà, ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbà á lóòótọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, apá ibo ni wọ́n ń fi í sí?"

Mo ní, "Apá ibi tí ọkọ máa dúró sí."

Ó rọra fi kílíìpù náà mọ́ irun ìyá rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ mà dà bí ìyàwó."

Mọ̀mọ́ Fúnmi gbé orí sókè. Ó ní, "Ìyàwó náà ni mí."